Ọ̀nà Etí Adágún tí Bàbá Ráímì Fún Wa

Ẹ ní kí n sọ bí a ṣe máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó kékeré. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ó pín lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ó dára. Ẹ fa àga mọ́ra, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi. Àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò tún ní ẹni tó ń bẹ̀rù mọ́. Bí ọ̀rọ̀ mi bá korò jù fún ìwé yín, ìwé yín ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Mọ́tò lẹ fi ń gun òkè náà báyìí. Ẹ̀yìn òkè lẹ ń gbà, lórí títì ọlọ́dà, ẹ ó gbé mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí eruku kò kàn. Mo sì máa ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé àwa ará àtijọ́ jìyà. Ta ló sọ fún yín? Ìrìn tó rọrùn jùlọ nílẹ̀ yìí ni ìrìn náà. Ìjọba ló dí odò kan kí ìlú lè rí omi mu, omi náà wá tẹ́ lọ bẹẹrẹ láàárín Fìdítì àti Ìlọrà, a sì ń pè é ní Adágún. Etí omi yẹn ni ọ̀nà wa gbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Omi á wà lọ́wọ́ òsì rẹ, oko á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, igi ọsàn àti máńgòrò á sì ṣíji bò ọ́ títí dé ìdí òkè. Bí o bá dé ìdí òkè, ọ̀nà náà kì í gùn ún ní tààrà. Ó máa ń yí i ká díẹ̀díẹ̀ bí obìnrin ṣe ń wé gèlè. Aboyún ń gùn ún. Ìyá ọkọ mi, tí orúnkún ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, ń gùn ún láì sinmi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kì í sì í ṣe àárẹ̀ ló ń mú wọn sinmi, ẹni tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dúró dè.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn obìnrin tí ń fọṣọ. Wọn á máa na aṣọ mọ́ òkúta, pà, pà, òkè á sì máa dá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà ni àkèré inú eèsún. Bí ẹsẹ̀ bá súnmọ́ wọn, wọn á dákẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti kọjá, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sórí òkè lè mọ ibi tí àwọn tó ń bọ̀ dé nípa ibi tí àkèré ti dákẹ́. Àwọn olóòṣà Ọ̀ṣun náà máa ń wá pọn omi ní kùtùkùtù nínú aṣọ funfun, wọn kì í sì í fọhùn títí omi á fi délé. Àwa pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá, àwọn pẹ̀lú ìkòkò lórí, a ó yà fún ara wa lójú ọ̀nà. A kì í kí wọn, nítorí a mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dáhùn. A ó kàn rọra tẹ orí ba. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bú irú wọn láti orí òkè. Ta ló kọ́ ọ?

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ló dùn jù. Gálílì la máa ń pè é. Àwọn ará Fìdítì, àwọn ará Ìlọrà, títí kan àwọn tó wá láti Ìware àti Akínmọ̀rìn, gbogbo wa á tò lẹ́sẹẹsẹ létí omi, pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ìrẹsì nínú abọ́ onídẹ̀rí, orin á bẹ̀rẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n kó tó dé ẹ̀yìn, àwọn ti iwájú á ti kọ ẹsẹ rẹ̀ tán. Ọdún kan tilẹ̀ wà tí a ra dùùrù láti Ìbàdàn. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e lórí. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ̀ súnmọ́ omi, ọ̀kan yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ẹrẹ̀ dé itan, dùùrù náà sì kígbe fúnra rẹ̀ nínú àpótí. Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ó ń tún ohùn ṣe ni." Ẹni tó kọ́kọ́ sáré wá fi èjìká ti dùùrù náà kì í ṣe ọmọ ìjọ. Bàbá Ráímì ni.

Bàbá Ráímì, Mùsùlùmí ni wọ́n. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohun mìíràn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ilẹ̀ bàbá wọn sì ni gbogbo ilẹ̀ tó wà láti etí omi dé ìdí òkè. Kí n tó di ìyàwó níbí, apá iwájú tó jẹ́ kìkì àpáta ni àwọn ará ìjọ ń gbà gun òkè. Ìyá arúgbó kan ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, apá rẹ̀ sì kán. Bàbá Ráímì ló pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n mú àdá àti ọkọ́, wọ́n la ọ̀nà gba àárín oko iṣu tiwọn, wọ́n wá ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọ pé kí ẹnikẹ́ni má gun àpáta mọ́. Nígbà tí àwọn àgbà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, Bàbá Ráímì ní, "Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lẹ ń lọ. Kí ni mo fẹ́ fi dí yín lọ́nà?" Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé lọ́dọọdún, àwọn àti ọmọ wọn ni wọ́n ń ro ọ̀nà náà. Bí Iléyá bá dé, ẹran wọn á dé ilé àlùfáà wa kó tó dé ilé ẹbí wọn. Oore pẹ́, aṣiwèrè gbàgbé. Ṣùgbọ́n tiwa kò tilẹ̀ pẹ́. Lójú oore náà gan-an la ti ṣe ohun tí a ṣe.

Mọ́tò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò fi apá òsì sílẹ̀ kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, mọ́tò kan ṣoṣo ló wà nínú ìjọ wa, ti Bàbá Ìjọ. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì dé, kò sì pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ń wá mọ́tò rà. Àwọn ènìyàn ńlá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò bójú mu kí èèyàn ní mọ́tò kó tún máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Ọlọ́run bí ẹni tí kò rí jẹ. Bàbá Ìjọ ló ń ṣíwájú wọn. Ó fẹ́ títì. Ó tún fẹ́ nǹkan mìíràn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ti gbọ́ pé "ó" ni mo ń pè é, tí mo sì ń pe Bàbá Ráímì ní "wọ́n". Kì í ṣe àṣìṣe. Láti ọdún náà ni "wọ́n" ti tán lẹ́nu mi fún un, ó sì ti kú báyìí, n kò rí ìdí tí ikú fi gbọ́dọ̀ dá a padà.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ọmọ Bàbá Ráímì obìnrin sì wà ní kíláàsì mi. Èmi ni mo kọ́ ọ tó fi mọ̀wé kà, bàbá rẹ̀ kò sì gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá kọjá létí omi, wọn á ní kí n dúró, wọn á ká ọsàn sínú àpò mi. Baálé mi ni akọ̀wé ìjọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, baálé mi dé, wọ́n ní, "Ìyá Dàpọ̀, ìwé kan wà tí wàá bá wa kà fún Bàbá Ráímì."

Mo ní, "Ìwé kí ni?"

"Ìwé ìdúpẹ́ ni. A fẹ́ kí ọ̀nà yẹn ní ààbò, kí àwọn ọmọ wọn má baà dí i lọ́jọ́ iwájú."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin kò kà á fún wọn?"

Baálé mi wo ilẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n gbà gbọ́."

A lọ, èmi, baálé mi àti Bàbá Ìjọ. Bàbá Ráímì ń bẹ lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wọn, wọ́n ń ṣa èso ilá sínú akèrègbè. Wọ́n gbé àga jáde fún wa, wọ́n bu omi. Bàbá Ìjọ na ìwé náà sí mi. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ìwé méjì. Mo ka ojú kìíní, mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ìjọ dúpẹ́, oore náà kò ní parun, ọ̀nà náà kò ní dí. Bàbá Ráímì ń mi orí, inú wọn dùn. Mo ṣí ojú kejì. Mo fi ojú kà á kí n tó fi ẹnu kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Bàbá Ráímì ti yọ̀ǹda gbogbo ilẹ̀ náà, láti etí omi dé ìdí òkè, pẹ̀lú igi àti ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀, fún ìjọ títí láé, àti pé ìjọ lè fi ṣe ohun tó bá wù ú.

Mo wo baálé mi, baálé mi wúkọ́. Bàbá Ìjọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyókù ọ̀rọ̀ òfin lásán ni, Tíṣà. Má fi da Bàbá láàmú."

Bàbá Ráímì yíjú sí mi. "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ìyàwó?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n tẹ ìka.

Ẹ má wolẹ̀. Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò. Mo lè sọ fún yín pé ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọdé, mo sì ti bímọ méjì. Mo lè sọ pé mo bẹ̀rù baálé mi. Mo bẹ̀rù wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi ni pé baálé mi náà ti ń wá mọ́tò rà lọ́dún yẹn, mo sì ti ń rí ara mi lọ́kàn, nínú léèsì, tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò mí. Ohun tí mo ta Bàbá Ráímì fún nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ẹni burúkú nínú ìtàn yìí, ẹ má wá a lọ sí itẹ́ òkú nìkan.

Oṣù méjì kò tíì pé tí sáfẹ́yà fi dé. Ó ri òkúta mọ́lẹ̀ káàkiri oko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni katapílà dé. Ìgbà tí iṣu ti yọ ọwọ́, tí ó ti ń gun igi, ni ó dé. Láti kíláàsì ni mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀, àwọn ọmọ ń sáré lọ sí ojú fèrèsé. Ọmọ Bàbá Ráímì nìkan ni kò dìde. Ó jókòó síbi ìjókòó rẹ̀, ó ń wò mí. Mo kọjú sí pátákó, mo ń kọ ohun tí n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a ti ń parí ìsìn nígbà tí Bàbá Ráímì yọ sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kò wọlé. Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n dúró sórí òkúta àtẹ̀gùn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìsìn o, ẹ̀yin ará. Mo wá bèèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ yín."

Bàbá Ìjọ dìde níwájú. "Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ tẹ ìka síwèé. Ẹ kò lè fi ọwọ́ kan fúnni kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbà á."

"Ọ̀nà ni mo fún yín," ni Bàbá Ráímì wí. "Ẹni tó gba aládùúgbò láyè láti gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ṣé ó ti ta ilé ni?" Wọ́n wá ń fi ojú wá mi láàárín àwọn obìnrin títí wọ́n fi rí mi. "Ìyàwó, kí lo kà fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Gbogbo ọrùn yí sí mi. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n ní, "Wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀." Mo dìde. Mo ní, "Ojú ìwé méjì ni. Ojú kìíní nìkan ni mo kà fún Bàbá. Ibi tó ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo rí i, mo fi pa mọ́. Bàbá kò fún wa nílẹ̀."

Bí ẹ bá rò pé àwọn ará ìjọ dìde, ẹ tún un rò. Bàbá Ìjọ kàn yí sí olórin, ó ní, "Ẹ fún wa ní orin ìdágbére." Dùùrù sì bẹ̀rẹ̀, dùùrù tí Bàbá Ráímì fi èjìká tì. Wọ́n kọrin bò mí mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń kọrin, wọ́n ń sunkún, wọn kò sì dákẹ́ orin. Nígbà tí a jáde, Bàbá Ráímì ti lọ.

Mo bá Bàbá Ráímì lọ síwájú àwọn àgbà ìlú láti jẹ́rìí. Baálé mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, oúnjẹ tí mo bá gbé kalẹ̀ ni yóò tutù síbẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo. Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní èwo ni kí àwọn gbà gbọ́ nínú ẹnu mi méjèèjì, ti abẹ́ igi máńgòrò àbí ti òní? Wọ́n ní ìwé ni ìwé. Tìtorí pé Bàbá Ìjọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fún wọn ní igi tí wọ́n fi nà wá.

Ẹ ó ti máa rò pé títì nìkan ni wọ́n fi ilẹ̀ náà ṣe. Rárá. Títì kò gbà ju ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ìyókù, àwọn ènìyàn ńlá inú ìjọ pín in láàárín ara wọn. Etí omi gan-an ni Bàbá Ìjọ mú. Ó kọ́lé síbẹ̀, ó sì mọ ògiri láti títì wọnú omi, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ kọlu ògiri, ó kú síbẹ̀. Wọ́n gé igi ọsàn. Àwọn tí ń fọṣọ kò rí àyè mọ́. Àwọn olóòṣà Ọ̀ṣun dé lọ́jọ́ kan, ajá lé wọn. Ìyá ọkọ mi náà rìn dé ìdí ògiri yẹn ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nítorí wọ́n kọ̀ láti wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri náà, wọ́n yí padà. Wọ́n délé, wọ́n bọ́ ìborùn, wọ́n ní, "Àwọn onímọ́tò ni wọ́n ni Ọlọ́run orí òkè báyìí. Èmi á máa bá tèmi sọ̀rọ̀ nínú yàrá." Wọn kò gun òkè náà mọ́ títí wọ́n fi kú. Baálé mi ra mọ́tò. Mo gùn ún. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo jókòó níwájú, mo gùn ún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sẹ́ni tó wò mí.

Nígbà tó di ọdún kejì, mo gbọ́ pé Bàbá Ráímì ń dáko lórí ilẹ̀ tí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Akínmọ̀rìn. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Akínmọ̀rìn láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo bá wọn tí wọ́n ń kọ ebè. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. Ilẹ̀ náà le, ọkọ́ ń dún lára òkúta wẹ́wẹ́. Mo kúnlẹ̀ sínú poro.

Wọ́n gbé ojú sókè. "Ìyàwó. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo wá bẹ̀, Bàbá. Ẹ foríjì mí. Ohun tí mo ṣe kò jẹ́ kí n sùn."

Wọ́n fi ọkọ́ tilẹ̀, wọ́n wò mí. Ojú wọn kò le, bẹ́ẹ̀ ni kò rọ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Ebè ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, ìyàwó. Ẹ̀bẹ̀ lo gbé wá. A kì í gbin iṣu sínú ẹ̀bẹ̀."

Mo dìde. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n bèèrè bóyá ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Akínmọ̀rìn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tú akèrègbè omi wọn kúrò lára igi, wọ́n na án sí mi, nítorí oòrùn ti mú. Òun nìkan ni omi tó wà lóko náà, n kò sì bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn yóò mu. Mo gbà á, mo mu ún tán, mo dá òfìfo akèrègbè padà fún wọn, mo sì kọrí sílé.